Ìjọ Kátólíkì àti ẹ̀ṣẹ̀ ẹlẹ́yàmẹ̀yà: ìbéèrè àti ìdáhùn

Àwọn ìbéèrè yìí kì í ṣe tuntun. Ẹlòmíràn ń béèrè wọn nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ti dé ara rẹ̀ rí. Ẹlòmíràn fẹ́ mọ̀ bóyá kí òun ṣì máa lọ sí Mísà. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé wọ́n ń béèrè kí wọ́n lè pa ọ̀rọ̀ náà tì. Ọmọ Ìjọ Kátólíkì ni mí, mo sì fẹ́ràn Ìjọ náà. Ìdí nìyẹn tí n kò fi ní bo ohunkóhun mọ́lẹ̀. Amẹ́ríkà ni púpọ̀ nínú ìtàn tí mo máa sọ ti ṣẹlẹ̀, torí níbẹ̀ ni àwọn ènìyàn Ìjọ ti ra ènìyàn, tí wọ́n ti ta ènìyàn, tí wọ́n ti kọ ẹni tó fẹ́ di àlùfáà nítorí àwọ̀ rẹ̀, tí wọ́n sì ti padà wá jẹ́wọ́ rẹ̀ ní gbangba.

Kí gan-an ni Ìjọ ń pè ní ẹlẹ́yàmẹ̀yà?

Lẹ́nu wa, ọ̀rọ̀ yìí gbòòrò. A ń lò ó fún ìkórìíra láàárín ìlú sí ìlú àti èdè sí èdè, a sì ń lò ó fún ti àwọ̀. Ti àwọ̀ àti ìran ni mo ń sọ níhìn-ín.

Nínú lẹ́tà tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù Amẹ́ríkà kọ ní ọdún 2018, wọ́n ní ẹlẹ́yàmẹ̀yà máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ènìyàn bá gbà, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀, pé ìran tòun lọ́lá ju ti ẹlòmíràn lọ, tó sì wá ń wo àwọn yòókù bí ẹni tí kò tó ẹgbẹ́ rẹ̀, tí kò yẹ fún ọ̀wọ̀ kan náà. Ẹ kíyè sí “yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀” yẹn. Kò dìgbà tí ènìyàn bá bú ẹnìkan tàbí tó lu ẹnìkan. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sí aládùúgbò rẹ̀ aláwọ̀ dúdú láràárọ̀, ṣùgbọ́n tí kò ní gbà láéláé kí ọmọ òun fẹ́ ọmọ onítọ̀hún, ti wà nínú rẹ̀. Ẹni tí àyà rẹ̀ já nígbà tó rí i pé aláwọ̀ dúdú ni dókítà tó fẹ́ tọ́jú òun náà ti wà nínú rẹ̀.

Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni lóòótọ́, àbí àìmọ̀kan lásán?

Ẹ̀ṣẹ̀ ni. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù kan náà ti sọ ọ́ láìfi bọpo bọyọ̀ láti ọdún 1979: ẹ̀ṣẹ̀ tó ń fọ́ ìdílé ọmọ ènìyàn sí wẹ́wẹ́ ni, tó ń pa àwòrán Ọlọ́run rẹ́ lára àwọn kan nínú ìdílé náà. Katikísìmù, ìwé tí Ìjọ kó ẹ̀kọ́ rẹ̀ sí, ní ìpínrọ̀ 1935, sọ pé fífi ìran, àwọ̀, ipò tàbí èdè du ènìyàn ní ẹ̀tọ́ rẹ̀ lòdì sí ète Ọlọ́run, a sì gbọ́dọ̀ fòpin sí i.

Gbòǹgbò ẹ̀kọ́ náà kò jìn. Ìwé Jẹ́nẹ́sísì sọ pé Ọlọ́run dá ènìyàn ní àwòrán ara rẹ̀, kò sì yọ ẹnìkan sílẹ̀. Ní ilé Kọ̀nílíù, ọ̀gágun ọmọ ilẹ̀ òkèèrè, ni ojú Pétérù ti là, tó ní òun ti wá rí i ní tòótọ́ pé Ọlọ́run kì í ṣe ojúsàájú. Pétérù yìí kan náà ti bá Jésù rìn, ó ti bá a jẹun, ó ti rí ibojì tó ṣófo, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ ìran sí ìran kò tíì yé e títí di ọjọ́ yẹn. Mo máa ń rántí èyí nígbà tí ẹnìkan bá sọ pé òun ti pẹ́ nínú Ìjọ jù láti ní irú ẹ̀ṣẹ̀ yìí lára.

Nínú àdúrà ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí à ń gbà ní ìbẹ̀rẹ̀ Mísà, a kì í dárúkọ ohun tí a ṣe nìkan. A tún ń dárúkọ ohun tí ó yẹ kí á ṣe tí a kò ṣe. Nínú ọ̀rọ̀ ẹlẹ́yàmẹ̀yà, apá kejì yìí ló máa ń wúwo jù.

Ṣé Bíbélì kò sọ pé a ti gégùn-ún fún àwọn ọmọ Hámù, ẹni tí wọ́n ní ó jẹ́ baba ńlá àwọn aláwọ̀ dúdú ni?

Rárá. Ẹ ṣí Jẹ́nẹ́sísì orí 9, ẹsẹ 25. Nóà ló gégùn-ún, kì í ṣe Ọlọ́run. Kénáánì ló gé e fún, kì í ṣe Hámù. Kò sí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nípa àwọ̀ nínú orí náà látòkèdélẹ̀. Àwọn tó ń ta ènìyàn ló wá ẹsẹ Bíbélì tí wọ́n máa fi bora, wọ́n sì lọ́ èyí mọ́ ẹnìkan tí a kò dárúkọ níbẹ̀. Ó dùn mí pé mo ṣì ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn aláwọ̀ dúdú fúnra wọn, bíi pé wọ́n ti gba ìdájọ́ tí ẹnikẹ́ni kò dá.

Ṣé òótọ́ ni pé Póòpù fọwọ́ sí òwò ẹrú?

Òótọ́ ni, kò sì yẹ kí Kátólíkì kankan máa yẹ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ní ọdún 1452, Póòpù Nicholas Karùn-ún kọ̀wé sí Afonso ọba Potogí, ó fún un láṣẹ láti gbógun ti àwọn Mùsùlùmí àti àwọn abọ̀rìṣà, láti gba ilẹ̀ wọn, àti láti sọ wọ́n di ẹrú títí láé. Ní 1455 ó tún kọ èyí tó fi ìdí àṣẹ náà múlẹ̀ ní etíkun Áfíríkà. Ní 1493, Póòpù Alexander Kẹfà ṣe irú rẹ̀ fún Sípéènì nípa àwọn ilẹ̀ tí Columbus ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Àwọn ọba fi ìwé wọ̀nyí ṣe àwíjàre fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún.

Ohùn mìíràn tún wà nínú Ìjọ kan náà. Ní 1537, Póòpù Paul Kẹta kọ̀wé pé ènìyàn gidi ni àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gba òmìnira wọn tàbí ohun ìní wọn, ìbáà ṣe pé wọn kò tíì gba Kristi gbọ́. Ní 1684, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Lourenço da Silva de Mendouça, ọmọ ilẹ̀ Áńgólà láti ìdílé ọba Ndongo, gbé ẹjọ́ lọ sí Róòmù fúnra rẹ̀. Ó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń jí ènìyàn, bí wọ́n ṣe ń nà wọ́n, bí wọ́n ṣe ń mú àwọn tó ti ṣèrìbọmi sínú oko ẹrú. Lọ́dún méjì lẹ́yìn náà, ní 1686, ilé ẹjọ́ ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ ní Róòmù dá a láre: kò tọ́ láti fi agbára tàbí ẹ̀tàn mú ènìyàn tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, kò tọ́ láti rà wọ́n, ẹni tó bá sì ti mú wọn gbọ́dọ̀ tú wọn sílẹ̀ kí ó sì san ohun tí wọ́n pàdánù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ìlà tó kẹ́yìn yẹn kà. Ọdún 1686 nìyẹn. Ẹ̀kọ́ náà ti wà nílẹ̀, àwọn ọba àti àwọn oníṣòwò kò tẹ̀ lé e, Róòmù náà kò sì lépa wọn.

Póòpù Gregory Kẹrìndínlógún bu ẹnu àtẹ́ lu òwò ẹrú ní 1839. Ní Amẹ́ríkà, John England tó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù Charleston sáré kọ lẹ́tà lórí lẹ́tà láti ṣàlàyé pé òwò orí omi ni Póòpù ń bá wí, kì í ṣe níní ẹrú nínú ilé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rí ihò sá gbà. Póòpù Leo Kẹtàlá ló wá kọ̀wé ta ko oko ẹrú sí àwọn bíṣọ́ọ̀bù Brazil ní 1888, ọdún tí wọ́n fòpin sí oko ẹrú níbẹ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2023, Vatican kéde pé òun kọ ẹ̀kọ́ tí wọ́n gbé ka orí àwọn ìwé ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún yẹn, pé kì í ṣe ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ Kátólíkì. Láti 1452 sí 2023: ẹ ṣírò rẹ̀.

Ṣé àwọn àlùfáà fúnra wọn ní ẹrú?

Wọ́n ní. Àwọn Jésùùtì, ẹgbẹ́ àlùfáà kan nínú Ìjọ, ní ẹrú ní Maryland, àwọn sísítà Ursuline ní ẹrú ní New Orleans, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn bíṣọ́ọ̀bù kan pẹ̀lú. Èyí tí a mọ ìtàn rẹ̀ jù ni ti Georgetown.

Ní ọdún 1838, gbèsè wọ yunifásítì àwọn Jésùùtì ní Georgetown lọ́rùn. Thomas Mulledy, olórí àwọn Jésùùtì ní Maryland, ta ènìyàn 272 fún àwọn olóko méjì ní Louisiana. Iye owó náà jẹ́ 115,000 dọ́là. Bàbá àgbà wà nínú wọn, ọmọ ọwọ́ náà wà nínú wọn. Ọ̀gá àgbà wọn ní Róòmù ti là á kalẹ̀ pé wọn kò gbọ́dọ̀ ya ọkọ kúrò lọ́dọ̀ aya tàbí òbí kúrò lọ́dọ̀ ọmọ, pé àwọn tí wọ́n tà gbọ́dọ̀ rí àyè ṣe ìgbàgbọ́ wọn, pé wọn kò sì gbọ́dọ̀ fi owó náà san gbèsè. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n rú. Kátólíkì tó ti ṣèrìbọmi ni àwọn tí wọ́n tà. Àlùfáà tó ń fún wọn ní Ara Olúwa ló gba owó lórí wọn.

Ẹni tó yàgbẹ́ lè gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Àwọn ìdílé ní Louisiana kò gbàgbé. Nígbà tí wọ́n wá orúkọ àwọn baba ńlá wọn rí nínú ìwé títà náà, orúkọ àkọ́kọ́ lórí ìwé jẹ́ Isaac. Ní oṣù kẹrin ọdún 2017, yunifásítì náà àti àwọn Jésùùtì tọrọ àforíjì níwájú àwọn àtọmọdọ́mọ àwọn tí wọ́n tà, wọ́n sì fi orúkọ Isaac Hawkins sí ilé kan tí wọ́n ti yọ orúkọ Mulledy kúrò lára rẹ̀. Ilé kejì gba orúkọ Anne Marie Becraft, obìnrin aláwọ̀ dúdú tó dá ilé ìwé sílẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú ní àdúgbò náà. Ní 2021, àwọn Jésùùtì ṣèlérí 100 mílíọ̀nù dọ́là fún àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ìdílé wọ̀nyí.

Kí ló dé tí aláwọ̀ dúdú ṣì wà nínú Ìjọ yìí?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn jù, torí pé ìdáhùn rẹ̀ ní orúkọ.

Ní Baltimore, ní 1829, nígbà tí oko ẹrú ṣì wà lójú òfin níbẹ̀, Mary Lange àti àwọn obìnrin mẹ́ta dá ẹgbẹ́ sísítà aláwọ̀ dúdú sílẹ̀, Oblate Sisters of Providence, kí wọ́n lè kọ́ àwọn ọmọ tí ẹnìkan kò fẹ́ kọ́. Ní New Orleans, ní 1842, Henriette Delille ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ sísítà aláwọ̀ funfun kò gba aláwọ̀ dúdú, àwọn obìnrin yìí kò sì dúró dè wọ́n.

Augustus Tolton ni mo máa pẹ́ lórí rẹ̀. Wọ́n bí i ní Missouri ní 1854, ẹrú ni bàbá rẹ̀, ẹrú ni ìyá rẹ̀. Nígbà ogun abẹ́lé, ìyá rẹ̀ kó òun àti àwọn ọmọ méjì yòókù, wọ́n sá la odò Mississippi kọjá dé Quincy ní Illinois. Nígbà tí wọ́n mú un wọ ilé ìwé Ìjọ kan, àwọn òbí fárí gá, ó sì ní láti kúrò. Àlùfáà ará Ireland kan, Peter McGirr, ló gbà á sí ilé ìwé tirẹ̀ tó sì dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọmọ náà ní òun fẹ́ di àlùfáà. Kò sí sẹ́mínárì kan ní gbogbo Amẹ́ríkà tó gbà á. Ó di dandan kó lọ sí Róòmù. Wọ́n fi í jẹ àlùfáà níbẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún 1886. Ó rò pé Áfíríkà ni wọ́n máa rán òun lọ. Róòmù ní kó padà sí Amẹ́ríkà, kó lọ dúró níwájú àwọn tó kọ̀ ọ́.

Ó padà. Ní Quincy, àwọn aláwọ̀ funfun ń wá gbọ́ ìwàásù rẹ̀, àlùfáà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan sì ń bínú sí i títí ayé fi sú u níbẹ̀. Ó kọjá sí Chicago, ó bẹ̀rẹ̀ ilé ìjọsìn Sénti Monica láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú tálákà. Ooru gbígbóná pa á ní oṣù keje ọdún 1897, ó jẹ́ ẹni ọdún 43. Lónìí, Ìjọ tí sẹ́mínárì rẹ̀ kò gbà á ń pè é ní Ẹni Ọ̀wọ̀, ó sì wà lójú ọ̀nà láti di ẹni mímọ́. Mary Lange àti Henriette Delille wà lójú ọ̀nà kan náà. Pierre Toussaint náà wà níbẹ̀, onídìrí láti Haiti tó fi owó ọwọ́ rẹ̀ bọ́ àwọn tálákà New York.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá bi mí ní “kí ló dé tí wọ́n dúró?”, mo máa ń ní Ìjọ wọn ni. Wọn kì í ṣe àlejò níbẹ̀.

Nígbà tí òfin ń ya aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀, kí ni àwọn bíṣọ́ọ̀bù ṣe?

Ọ̀pọ̀ wọn dákẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ ilé ìjọsìn ní gúúsù Amẹ́ríkà, ẹ̀yìn ni àwọn aláwọ̀ dúdú ń jókòó sí, wọ́n sì máa ń dúró kí àwọn aláwọ̀ funfun gba Ara Olúwa tán kó tó kàn wọ́n.

Àwọn díẹ̀ kò dákẹ́. Ní 1947, Joseph Ritter, bíṣọ́ọ̀bù àgbà St. Louis, pàṣẹ kí gbogbo ilé ìwé Kátólíkì gba ọmọ aláwọ̀ dúdú àti funfun pọ̀. Ọdún méje nìyẹn ṣáájú kí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ tó dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn òbí kan láwọn máa pè é lẹ́jọ́. Ó sọ fún wọn pé ẹni tó bá gbé ọ̀rọ̀ náà lọ ilé ẹjọ́ yóò yọ ara rẹ̀ kúrò nínú Ìjọ. Wọ́n jáwọ́.

Ní New Orleans, Joseph Rummel gba ọ̀nà tó gùn. Ní 1955, àwọn ará ìjọ kan ní Jesuit Bend lé àlùfáà aláwọ̀ dúdú tó wá ṣe Mísà fún wọn padà, Rummel sì dá ìsìn dúró níbẹ̀. Ní 1956 ó kọ̀wé pé ẹ̀ṣẹ̀ ni ìyàsọ́tọ̀ nítorí àwọ̀. Ilé ìwé rẹ̀ kò yí padà títí di 1962, ìdádúró yìí sì jẹ́ àbàwọ́n. Nígbà tí ìyípadà náà wá dé, àwọn mẹ́ta tó ṣáájú àwọn alátakò kò gba ìkìlọ̀, ó sì yọ wọ́n kúrò nínú Ìjọ. Olóṣèlú ńlá ni ọ̀kan nínú wọn, Leander Perez. Rummel ti lé ní ọmọ ọgọ́rin ọdún nígbà náà, ojú rẹ̀ kò sì ríran dáadáa mọ́.

Ní oṣù kẹta ọdún 1965, àwọn sísítà àti àlùfáà wọṣọ wọn bá àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń béèrè ẹ̀tọ́ ìdìbò rìn ní Selma, ní ìpínlẹ̀ Alabama. Àwòrán wọn dé gbogbo ayé. Àmọ́ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nígbà tí Martin Luther King, aṣáájú ìjà fún ẹ̀tọ́ aláwọ̀ dúdú, rìn ní Marquette Park ní Chicago nítorí ọ̀rọ̀ ilé gbígbé, àdúgbò tí Kátólíkì pọ̀ sí ni wọ́n ti sọ òkò bà á lórí.

Kí ni àwọn Kátólíkì aláwọ̀ dúdú fúnra wọn sọ?

Ní oṣù kẹrin ọdún 1968, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n pa King, àwọn àlùfáà aláwọ̀ dúdú pàdé ní Detroit. Gbólóhùn àkọ́kọ́ nínú ìwé wọn sọ pé ilé ẹlẹ́yàmẹ̀yà aláwọ̀ funfun ni Ìjọ Kátólíkì ní Amẹ́ríkà. Ó ta ọ̀pọ̀ létí. Àlùfáà tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ fún Ìjọ ló sọ ọ́, kì í ṣe ọ̀tá. Lọ́dún kan náà, àwọn sísítà aláwọ̀ dúdú dá ìpàdé tiwọn sílẹ̀.

Ní 1989, Sísítà Thea Bowman, ọmọ Mississippi, wá sọ̀rọ̀ níwájú gbogbo àwọn bíṣọ́ọ̀bù Amẹ́ríkà. Àrùn jẹjẹrẹ ti wọ̀ ọ́ lára, orí kẹ̀kẹ́ aláìsàn ló jókòó sí. Ó fi orin bẹ̀rẹ̀, orin ọmọ tí kò ní ìyá. Ó sọ fún wọn pé gbogbo ara òun lòun gbé wá sínú Ìjọ: orin òun, ijó òun, ìtàn òun, ọ̀nà tí àwọn baba òun gbà ń gbàdúrà. Kó tó parí, ó ní kí àwọn bíṣọ́ọ̀bù dìde, kí wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, kí wọ́n sì kọrin. Wọ́n dìde. Ó kú ní oṣù kẹta ọdún 1990.

Ṣé òótọ́ ni pé ẹ̀jẹ̀ aláwọ̀ dúdú wà lára Póòpù Leo?

Àkọsílẹ̀ fi hàn bẹ́ẹ̀. Chicago ni wọ́n ti bí Leo Kẹrìnlá, tí wọ́n yàn ní ọjọ́ 8 oṣù karùn-ún ọdún 2025. Àwọn òbí ìyá rẹ̀ gbé ní New Orleans, ìwé ìkànìyàn ọdún 1900 sì kọ wọ́n sílẹ̀ bí aláwọ̀ dúdú. Nígbà tí wọ́n dé Chicago, ìwé ti 1920 kọ wọ́n sílẹ̀ bí aláwọ̀ funfun. Irú ìrìn àjò yẹn, láti dúdú sí funfun lórí ìwé, pọ̀ nígbà náà. James Healy, tó di bíṣọ́ọ̀bù Portland ní 1875, ẹrú ni ìyá rẹ̀. Arákùnrin rẹ̀ Patrick di ààrẹ Georgetown, ibi tí wọ́n ta ènìyàn 272 fún. Àwọ̀ ara wọn mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fi mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ aláwọ̀ dúdú wà lára wọn.

Ṣé ti aláwọ̀ dúdú nìkan ni?

Rárá o. Ní 1937, Póòpù Pius Kọkànlá kọ lẹ́tà ní èdè Jámánì, wọ́n kà á nínú àwọn ilé ìjọsìn ní Jámánì lọ́jọ́ Àìkú Ọ̀pẹ, ó ta ko àwọn tó ń fi ìran ṣe òrìṣà. Ní 1965, Àpérò Vatican Kejì, ìpàdé ńlá àwọn bíṣọ́ọ̀bù gbogbo ayé, bu ẹnu àtẹ́ lu ìkórìíra àwọn Júù. Ní 2022, Póòpù Francis lọ sí Kánádà láti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀ tí wọ́n fi ipá kó àwọn ọmọ wọn sí ilé ìwé, ní 2024 sì ni àwọn bíṣọ́ọ̀bù Amẹ́ríkà tọrọ tiwọn. Nígbà tí ẹnìkan yìnbọn pa ènìyàn 23 ní El Paso ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, nítorí pé ó kórìíra àwọn tí ìran wọn ti Mẹ́síkò wá, Bíṣọ́ọ̀bù Mark Seitz kọ odidi lẹ́tà lórí ẹlẹ́yàmẹ̀yà sí ìjọ rẹ̀.

Ṣé kì í ṣe òṣèlú ni gbogbo èyí? Kí Ìjọ máa wàásù ìhìnrere.

Mo mọ ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn olóṣèlú ti fi ọ̀rọ̀ yìí jẹun púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ Póòpù Francis ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà ọdún 2020, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí ọlọ́pàá fi orúnkún tẹ George Floyd, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó ń kígbe pé òun kò lè mí, lọ́rùn pa ní Minneapolis. Ó ní a kò lè gba ẹlẹ́yàmẹ̀yà láyè tàbí kí á gbójú fò ó, kí á tún máa ní à ń gbèjà ìwà mímọ́ ẹ̀mí gbogbo ènìyàn. Ẹni tó bá ní ẹ̀mí ọmọ inú oyún ṣe pàtàkì, tó sì ní ọ̀rọ̀ ọkùnrin tó ń kígbe pé òun kò lè mí jẹ́ òṣèlú, ti pín ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo sí méjì.

Èmi kò ra ẹrú rí. Kí ló kàn mí?

Ẹ̀ṣẹ̀ bàbá yín kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ yín, Ìjọ kò sì kọ́ni bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ máa ń kọ́lé. Póòpù John Paul Kejì sọ̀rọ̀ nípa èyí ní 1987: ẹ̀ṣẹ̀ ẹnìkọ̀ọ̀kan máa ń kóra jọ di ìgbékalẹ̀, ìgbékalẹ̀ náà á sì máa bí ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn lẹ́yìn tí ẹni tó gbé e kalẹ̀ bá ti kú.

Àpẹẹrẹ kan. Láti àwọn ọdún 1930, ìjọba Amẹ́ríkà ya máàpù àwọn ìlú ńlá, wọ́n fi àwọ̀ pupa kun àdúgbò tí aláwọ̀ dúdú ń gbé, pé ewu wà níbẹ̀. Àwọn aláwọ̀ dúdú kò rí owó yá kọ́lé tàbí ra ilé. Òfin fòpin sí i ní 1968. Àmọ́ ilé ni ọ̀pọ̀ ìdílé níbẹ̀ fi ń kó ọrọ̀ jọ, òun ni wọ́n ń fi sílẹ̀ fún ọmọ. Ẹni tí bàbá àgbà rẹ̀ rí owó yá àti ẹni tí tirẹ̀ kò rí kò bẹ̀rẹ̀ ayé láti ibì kan náà, bí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò tilẹ̀ kórìíra ẹnìkejì. Ẹ kò kọ́ ilé náà, òótọ́ ni. Ẹ̀yin lẹ ń gbé inú rẹ̀ báyìí, ẹ sì lè tún un ṣe.

Ṣé àforíjì kò tó ni?

Fún ẹni tó jí aṣọ, tó wọ̀ ọ́ wá síbi ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, kí ni àlùfáà máa ní kó ṣe? Ẹ̀kọ́ àtijọ́ ni: ẹni tó bá gba ohun oníǹkan gbọ́dọ̀ dá a padà. Sákéù kò dúró kí Jésù ní kó san, òun ló ní òun máa dá a padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Iye tí ó yẹ, ta ni ó yẹ kó gbà á, bóyá owó ni tàbí ẹ̀kọ́ ìwé tàbí ilẹ̀, àwọn Kátólíkì olóòótọ́ ń jiyàn lórí gbogbo ìyẹn, ó sì yẹ kí wọ́n jiyàn. Èyí tí kò yẹ kí á máa jiyàn lé lórí ni pé gbèsè wà. Ìdájọ́ 1686 ti sọ ọ́.

Mo ti rí ẹlẹ́yàmẹ̀yà nínú ọkàn ara mi. Ṣé mo lè jẹ́wọ́ rẹ̀?

Ẹ lè jẹ́wọ́ rẹ̀, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ má sọ pé “mo jẹ́ ẹlẹ́yàmẹ̀yà” kí ẹ sì dákẹ́, torí ìyẹn gbòòrò jù. Ẹ sọ ohun tí ẹ ṣe: ẹ kò fún ẹnìkan níṣẹ́ nítorí àwọ̀ rẹ̀, ẹ rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n ń fi ìran ẹlòmíràn ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ kan níbi oúnjẹ, ẹ mọ̀ pé kò dára, ẹ sì dákẹ́ kí oúnjẹ má bàa bàjẹ́. Bí àlùfáà bá ní kò tó ẹ̀ṣẹ̀, ẹ sọ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé ó tó. Lẹ́yìn ìdáríjì, bí ẹni tí ẹ ṣẹ̀ bá ṣì wà láàyè tí ẹ sì mọ ilé rẹ̀, ẹ lọ.